Ṣíṣí Kọ́ Ni Pínpín

Bí èèyàn bá dúró ní gáréèjì Ìkirè tó pariwo "dátà," ọmọ tó ń ta káàdì ìpè ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn: "MTN àbí Airtel? Gíìgì mélòó?" Dátà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbàgbé ọmọ yẹn, a ṣì ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Dátà tiwa lónìí ni àkọsílẹ̀ nípa àyíká: iye òjò tó rọ̀, bí odò ṣe kún tó, ohun tó wà nínú omi, igi tó kù nínú igbó, irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí àwọn àjọ àgbáyé ti ń wí pé ó yẹ kí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. Kóòdù la ń kọ jẹun. Sọ́fítíwíà tí àwọn tí a ò rí rí ṣe, tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, la sì fi kọ́ṣẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá máa bú ohun tó ṣí sílẹ̀, kì í ṣe irú wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn ìwé ló máa ń kà á débi tí yóò fi rí àléébù rẹ̀. Nítorí náà, a fẹ́ ka dátà bí ẹ ṣe ń ka ìtàn àròsọ àti ewì lórí ìkànnì yìí. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kí ló fò? A mú ìlú méjì tí a mọ̀, Ìkirè àti Apòmù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, a sì ka ohun tí àwọn àkọsílẹ̀ ńláńlá àgbáyé ń sọ nípa wọn lórí nǹkan mẹ́ta: òjò, odò, àti oko kòkó. Ibi tí a bá a dé ni pé ìlẹ̀kùn ti ṣí lóòótọ́, àmọ́ wọn ò tíì pín nǹkan kan fún wa.

Ọ̀rọ̀ méjì

Ẹ jẹ́ ká ti inú èdè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òyìnbó ń lò fún un: share. Bí o bá ju fọ́tò sórí Facebook, o ti share rẹ̀ nìyẹn, yálà ẹnikẹ́ni rí i àbí wọn ò rí i. Yorùbá ò gbà bẹ́ẹ̀. Tí a bá ní a pín ẹran, a mọ iye èèyàn tó wà níbẹ̀, a sì mọ ìpín tó kan oníkálukú. Ẹni tó ní òun ti pín ẹran, tí ẹni tó ni ẹran ò sì rí egungun mú lọ sílé, ìjà ló dá sílẹ̀. Ṣíṣí yàtọ̀ sí ìyẹn. O lè ṣí ìlẹ̀kùn rẹ sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, kó sì jẹ́ pé àwọn tó ní mọ́tò nìkan ló lè débẹ̀.

WMO, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ lágbàáyé, ti ṣe ìpinnu mélòó kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìpinnu 40 ti ọdún 1995 wà fún ojú ọjọ́. Ìpinnu 25 ti ọdún 1999 fi odò kún un. Nígbà tó di 2021, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú Ìpinnu 1. Ọgbọ́n ló wà nídìí rẹ̀, nítorí òjò ò mọ ààlà orílẹ̀-èdè. Ìjì òjò tó ń jà lọ́dọ̀ wa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, nítorí náà ẹni tó fẹ́ mọ bí ọ̀la yóò ṣe rí ní Ìkirè gbọ́dọ̀ mọ bí òní ṣe rí níbi tó jìnnà sí Ìkirè. Kò sí orílẹ̀-èdè tó lè dá a ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń bá ẹni sọ̀rọ̀ nínú àwọn ìpinnu yìí. Ìjọba ló ń bá ìjọba sọ̀rọ̀, àjọ ló ń bá àjọ sọ̀rọ̀. Ìyá tó ń pọn omi ní Apòmù kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni.

Òjò tí kì í kólòlò

Nínú àwọn àkọsílẹ̀ òjò tó ṣí sílẹ̀, méjì ni àwọn tó ń ṣe áàpù máa ń lò jù. ERA5 ti ilẹ̀ Yúróòpù ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan láti ọdún 1940. CHIRPS, tí àwọn ará Yunifásítì California ní Santa Barbara ṣe, bẹ̀rẹ̀ láti 1981. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí òjò Ìkirè ti ọdún 1940 lórí kọ̀ǹpútà, inú wa dùn gan-an ni.

Ẹ̀yìn ìyẹn la wá kà á dáadáa. Nínú ERA5, ojú kan lórí máàpù fẹ̀ tó bíi kìlómítà 28. Ojú kan bẹ́ẹ̀ lè gbé Ìkirè àti Apòmù mì pọ̀, kó tún fi abúlé tó wà láàárín wọn jẹ ẹ́. Òjò tó rọ̀ ní Ìkirè tí kò kan Apòmù rárá, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀, kò lè hàn níbẹ̀. CHIRPS dáa jù ú lọ, ojú tirẹ̀ fẹ̀ tó bíi kìlómítà márùn-ún. Ṣùgbọ́n àwòrán sátẹ́láìtì àti ohun ìwọn òjò tó wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n ń pò pọ̀. Níbi tí ohun ìwọn òjò ò bá sí, ìméfò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tó ṣe é ò fi èyí pa mọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ìwé náà ni kì í bá nọ́ńbà rìn. Nígbà tí nọ́ńbà bá fi máa dé inú áàpù, èyí tí wọ́n fojú rí àti èyí tí wọ́n méfò ti jọra bí ìbejì. Nọ́ńbà kì í kólòlò. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ gaara nípa London náà ló ń sọ ọ́ nípa Apòmù.

Àwọn tó ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ mọ Ìkirè dáadáa. Ojú fèrèsé ọkọ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n: ọkọ̀ á dẹ̀rìn díẹ̀, wọ́n á ra dòdò Ìkirè, wọ́n á máa lọ. Tí wọ́n bá délé, wọ́n á ní àwọn ti dé Ìkirè. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Bí sátẹ́láìtì náà ṣe mọ̀ wá nìyẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ ò ga. Ohun ìwọn òjò ò wọ́n. Ẹni tó máa kà á láràárọ̀, lọ́jọ́ iṣẹ́ àti lọ́jọ́ ọdún, fún ogún ọdún, òun ló wọ́n. Owó oṣù ẹni yẹn kì í sábà sí nínú ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n ń sọ nípa dátà tó ṣí sílẹ̀.

Odò tó ń ṣàn kọjá lọ

Odò Ọ̀ṣun ṣẹ̀ ní Èkìtì, ó gba Òṣogbo àti Ẹdẹ kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ wa, ó sì wọ ìsédò Aṣejirè, níbi tí Ìbàdàn ti ń rí omi mu láti bí àádọ́ta ọdún. Ohun tó bá bọ́ sínú odò yìí lókè, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ní 2021, Urban Alert, ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo, mú omi Ọ̀ṣun lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n rí òjé àti mẹ́kúrì nínú rẹ̀ tó ju ìwọ̀n tí àjọ SON gbà láàyè lọ, wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn tó ń wa wúrà láìgba àṣẹ. Omi náà ti pọ́n tipẹ́ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, ojú lásán rí ìyẹn, àmọ́ ojú ò lè rí mẹ́kúrì. Ìròyìn rẹ̀ kárí ayé. Èyí tó kan àwa lórí fóònù ni ohùn WhatsApp tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé: "Ẹ má mu omi Ọ̀ṣun o!" Kò sọ apá ibi tí wọ́n ti bu omi náà, kò sọ oṣù tí wọ́n bù ú, kò sì sọ bí ó ṣe pọ̀ tó. Àwọn kan gbọ́, wọ́n bẹ̀rù. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà wà níbì kan, ẹ̀rù wà níbòmíì, ẹnikẹ́ni ò mú méjèèjì pàdé.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe àkọsílẹ̀. Odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ni odò ìgbà òjò. A gbọ́dọ̀ bu omi lóṣooṣù, níbì kan náà, kí a tó lè sọ pé ó ń sàn tàbí ó ń burú sí i. Ẹgbẹ́ aláàánú ò lè máa dá irú iṣẹ́ yẹn ṣe títí láé.

Níbo ni àkọsílẹ̀ odò àgbáyé wà? Ó wà ní Koblenz, ní ilẹ̀ Jámánì. Láti 1988 ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní GRDC ti ń kó bí odò ṣe ń ṣàn jọ níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń wọn odò tó wà nínú àkọsílẹ̀ wọn sì ti lé ní 10,000. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá fún wọn ni wọ́n ní, ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ odò Áfíríkà níbẹ̀ sì ti dá dúró kí ọ̀rúndún tó kọjá tó parí.

Ni a bá ní ká lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Áàpù kékeré kan la fẹ́ ṣe, tí yóò máa sọ bí omi ṣe ga tó fún àwọn tó ní oko létí odò. A kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba kan tí a ò ní dárúkọ. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ọjọ́ méje kọjá, oṣù kọjá. A dìde, a lọ. Bàbá kan dá wa lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀:

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, lẹ́tà yín dé ọwọ́ wa. Yunifásítì wo lẹ ti wá?"

"Bàbá, a ò ti yunifásítì kankan wá. A fẹ́ fi ṣe áàpù fáwọn àgbẹ̀ ni, sà."

"Kò burú. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí n kọ orúkọ rẹ̀ síbí yìí?"

Ó ṣí ìwé ńlá kan hàn wá. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, ọwọ́ tó dáa, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ikán ti jẹ etí ìwé náà. Bàbá ò ní ẹ̀rọ tó lè yà á, kò sì ní ẹnikẹ́ni tó lè tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n sì ti sọ fún ọ́fíìsì rẹ̀ pé kó máa wá owó wọlé fúnra rẹ̀. Tí ó bá fi ohun kan ṣoṣo tó lè tà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló máa fi ra ohun ìkọ̀wé? A bínú dé ibẹ̀, a ò lè bínú kúrò níbẹ̀. Àwọn tó ń bú àwọn àjọ wa pé wọ́n há dátà mọ́wọ́, òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ kí wọ́n ka ìwé bàbá yẹn mọ́ ọn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé òfin 2011 náà de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n òfin lè pàṣẹ kí wọ́n ṣí ìwé, kò lè lé ikán kúrò lára rẹ̀.

Oko tí wọ́n ń wò láti òkè

Ìwé kẹta ni ti kòkó, òun ló sì dùn wá jù. Ní 2023, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó, kọfí, epo pupa, rọ́bà àti àwọn ohun mìíràn tó bá máa wọ ọjà wọn kò gbọ̀dọ̀ ti orí ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá. Ẹni tó bá fẹ́ kó kòkó wọlé gbọ́dọ̀ mú ibi tí oko náà wà lórí máàpù wá. Tí oko bá ju hẹ́kítà 4 lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fa ìlà yí i ká. Ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà yẹ kó jẹ́ ìparí 2024, wọ́n sún un sí 2025, wọ́n tún sún un sí 2026. Ète rẹ̀ dára. Igbó ń tán, a sì mọ̀.

Àmọ́ ẹ wo ọ̀nà tí dátà gbà. Ọmọkùnrin kan á gun ọ̀kadà wọ oko, á rìn yí i ká pẹ̀lú fóònù, á béèrè orúkọ bàbá olóko. Àkọsílẹ̀ á ti Apòmù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ra kòkó, á ti ibẹ̀ kọjá òkun. Bàbá olóko kì í sábà rí máàpù oko ara rẹ̀ mọ́.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Yúróòpù tún ṣe máàpù igbó gbogbo ayé bó ṣe wà ní 2020, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ó ń rí nǹkan ní mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kòkó àtijọ́ tó wà lábẹ́ igi ńlá máa ń jọ igbó tí sátẹ́láìtì bá wò ó láti òkè. Tí máàpù bá wá pe irú oko bẹ́ẹ̀ ní igbó, tí olóko gé kòkó tó ti gbó kó lè gbin òmíràn, lójú máàpù, ó ti pa igbó run nìyẹn. Àgbẹ̀ tó fi igi sílẹ̀ ni yóò wá jọ ọ̀daràn ju ẹni tó ti gé tirẹ̀ tán kí 2020 tó dé. Àwọn tó ṣe máàpù náà sọ pé kì í ṣe ẹ̀rí tí òfin fi múlẹ̀, ó kàn wà fún ìrànlọ́wọ́ ni. A gbọ́. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tó ń bẹ̀rù ìtanràn kò ní dúró ṣàlàyé, yóò ra kòkó níbòmíì. Ẹni tó bá sì fẹ́ tako máàpù náà ní láti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó ní kọ̀ǹpútà, kó mọ bí wọ́n ṣe ń ka máàpù orí kọ̀ǹpútà. Máàpù ṣí sílẹ̀ fún wíwò, kò ṣí sílẹ̀ fún èsì.

Ọjà Apòmù

Ilẹ̀ Apòmù mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Apòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé wọ́n ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé tà ní ọjà yìí, àti pé àṣẹ tí wọ́n pa fún Olówu pé kó fòpin sí i ló bí ìjà láàárín Òwu àti Ifẹ̀. Ìjẹ̀bú dá sí i, ó sì parí sí ìparun Òwu ní àwọn ọdún 1820.

Kò sí ọjà tó ṣí sílẹ̀ tó ọjà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ wá ló ń wá. Ohun tó ṣaláìní ni òfin tó dájú lórí ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ tà, àti ẹni tó máa dúró ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀. A ò sọ pé dátà àti ẹrú jẹ́ ọ̀kan náà o. A ń sọ pé ibi tó ṣí sílẹ̀ tí kò ní òfin, ẹni tó lágbára ló ń jèrè níbẹ̀.

Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń sọ pé ká ti ìlẹ̀kùn wa, kí òyìnbó má rí nǹkan kan kó mọ́. A ò bá wọn gbà. Ẹni tí ìlẹ̀kùn títì máa kọ́kọ́ pa ni ará Apòmù tí kò mọ ohun tó wà nínú omi. Àwọn ọmọ onílẹ̀ káàkiri ayé ti wá ọ̀nà àárín. Ní 2016, àwọn onímọ̀ gbé ìlànà FAIR jáde, tó ń sọ pé kí dátà rọrùn láti rí àti láti lò. Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ fi ìlànà CARE dá wọn lóhùn: kí àǹfààní rẹ̀ kan àwùjọ, kí àwọn tí dátà dá lé lórí ní àṣẹ lórí rẹ̀, kí ẹni tó ń lò ó mọ ojúṣe rẹ̀, kó má sì ṣe ibi. Ìkejì yìí ló sún mọ́ ohun tí Yorùbá ń pè ní pínpín.

Ìlẹ̀kùn ẹlòmíì sì lè tì nígbàkúgbà. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá dátà afẹ́fẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣojú rẹ̀ ń gbé jáde ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè dúró, ilẹ̀ Áfíríkà náà kò gbẹ́yìn. Àwọn ìlú tí kò ní ẹ̀rọ tiwọn jí lọ́jọ́ kan, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń mí símú mọ́. Ohun tó ṣí sílẹ̀ nínú ilé ẹlòmíì, onílé ló ni kọ́kọ́rọ́.

Nítorí náà, nígbàkúgbà tí ẹnikẹ́ni bá tún wá yangàn fún wa pé dátà òun ṣí sílẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta la ó máa bi í. Ṣé ẹni tó ń gbé níbẹ̀ lè kà á ní èdè rẹ̀, lórí fóònù tó ní? Tó bá rí àṣìṣe, ta ló máa sọ fún, ṣé wọ́n á sì tún un ṣe? Ẹni tó ń wọn òjò tàbí odò náà, ṣé orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣé owó rẹ̀ sì wà níbẹ̀? Tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ó ṣí i ni, kò tíì pín in.

Ó kù wá ku ọmọ tó ń ta káàdì ní gáréèjì. Fáìlì òjò àgbáyé láti 1940 yóò jẹ gíìgì tí owó oṣù ẹlòmíì ò lè rà. Ṣùgbọ́n a ṣírò èyí: òjò Apòmù nìkan, lójoojúmọ́, fún ọdún kan, ìlà 365 ni, ọjọ́ àti iye òjò lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ kò tó kílóbáìtì mẹ́wàá. Síkà kan ṣoṣo lórí WhatsApp máa ń jù ú lọ. Dátà tó kéré jù lọ́wọ́ ọmọ yẹn lè gbé e wálé ní àìmọye ìgbà. A ti kọ kóòdù rẹ̀ tán, ó wà níbẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó máa ka omi inú ike náà láràárọ̀, tí a ó sì máa sanwó fún un, là ń wá báyìí.